Nígbà Tí Ilé-Iṣẹ́ Orin Bá Fi Ohùn Ìlú Ẹni Pa Ayé Lẹ́rìn-ín

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àwo orin kan tí wọ́n ṣe ní Paris lọ́dún 1964. Serge Gainsbourg ló ni ín, akọrin ilẹ̀ Faransé tó mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ í dá. Gainsbourg Percussions ni orúkọ àwo náà. Ìlù ló kún inú rẹ̀, àwọn obìnrin sì ń gberin bí àwọn elégbè ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Orin kan wà níbẹ̀ tó ń fi obìnrin kan tó sanra ṣe yẹ̀yẹ́: ó tóbi tó erin, àmọ́ bó bá di ijó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á fúyẹ́. Òmíràn ń ka orúkọ àwọn ilé gogoro ìlú New York lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ṣe hàà sí bí wọ́n ṣe ga tó. Orin ẹ̀rín ni, orin títà sì ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó gbọ́ ọ ní Paris kò mọ̀ ni pé ohùn Yorùbá ló wà nídìí àwọn orin yẹn. Orin ilé gogoro yẹn, "Akiwowo" ni, orin tí Babatunde Olatunji, ọmọ Ajido lẹ́bàá Badagry, gbé jáde ní Amẹ́ríkà. Nílé, a fi ń ki oníṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan ni. Orin obìnrin sísanra yẹn, inú "Kiyakiya" tí Olatunji kọ ló ti wá. Ẹ̀kẹta tún wà, tí wọ́n pè ní "Marabout", òun náà sì ti inú "Jin-Go-Lo-Ba" wá. Inú àwo Olatunji kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jáde, àwo tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Drums of Passion. Nígbà tí ti Paris dé ọjà, orúkọ Olatunji kò sí lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ nìyí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan bá mú ohùn tàbí ìlù ìlú kan, tó fi ṣe orin ẹ̀rín fún títà, kí ni àwọn olórin ìlú náà máa ń sọ? Àwọn kan máa ń bínú, àwọn kan á bá wọn rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn á sì máa kọ ọ́ fún owó, bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ wọn nínú. Ó ní ohun tí àwọn olórin ń gbọ́ tí ẹ̀yin àti èmi tí a wà láàárín èrò lè má gbọ́. Bí ẹ bá mọ ohun náà, ìhùwàsí wọn kò ní ṣàjèjì sí yín mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú orin bẹ́ẹ̀. Inú sítúdíò ni wọ́n ti ń ṣe é, èyí tí a ó máa pè ní ilé ìgbohùnsílẹ̀. Owó ni wọ́n fi ń ka wákàtí níbẹ̀, nítorí náà wọ́n máa ń pe àwọn olórin agbaṣẹ́ṣe, àwọn tó lè wo ìwé orin kí wọ́n sì lù ú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan wà tó ń to orin náà, tí yóò sọ ibi tí ìlù máa wọlé àti ibi tí elégbè máa dákẹ́. Ní ti àwo Gainsbourg, Alain Goraguer ló ṣe iṣẹ́ yẹn. Ohun tí wọ́n ń wá ni àmì tí olùgbọ́ lè dá mọ̀ kíákíá. Bí orin bá ní láti "dún bí Áfíríkà," wọ́n á fi ìlù ṣáájú. Bó bá ní láti "dún bí Írẹ́lándì," wọ́n á fi fèrè àti gòjé ṣáájú, akọrin á sì máa yí ahọ́n bí ará ibẹ̀. Àmì yẹn ti tó fún ọjà.

Ẹ ti rí àǹkárá tí wọ́n tẹ àwòrán aṣọ òkè sí lára. Lókèèrè, sányán ni, tàbí àlàárì. Bí ẹ bá gbé e dé iwájú ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn, kò ní pẹ́ rárá: yóò fi àtàǹpàkò pa á, yóò yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, yóò sì mọ̀ pé òwú kan kò gba orí òwú kan kọjá níbẹ̀. Ó lè sọ pé àwọ̀ rẹ̀ dára. Ó tilẹ̀ lè rà á fún ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ fún un pé iṣẹ́ kan náà ni. Bí àwọn olórin ṣe ń gbọ́ orin ilé ìgbohùnsílẹ̀ nìyẹn: ìka wọn ti wà lẹ́yìn aṣọ náà kí ẹ̀yin tó wo iwájú rẹ̀ tán.

Kí wá ni ẹ̀yìn aṣọ náà nínú orin Yorùbá? Ọ̀rọ̀ ni. Ohùn orin wa kì í dá rìn. Bí ọ̀rọ̀ bá ní ohùn òkè, orin á gbé e lọ sókè. Bó bá ní ohùn ìsàlẹ̀, orin á sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá yọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kúrò nínú orin tó fi èdè Faransé sí i, kò sí ohun tó bàjẹ́ lójú ará Faransé, torí pé èdè tirẹ̀ kì í fi ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Etí Yorùbá ló máa gbọ́ pé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ń pe ilé gogoro, etí wa ń gbọ́ ọkùnrin ọkọ̀ ojú irin. Gbogbo ohùn ló dúró sí ipò tí orúkọ rẹ̀ fi í sí.

Ìlù tiwa tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, ibí yìí ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ dáadáa. Ìyáàlù dùndún ní ojú méjì tí wọ́n fi awọ ewúrẹ́ bò, ọsán sì so ojú méjèèjì pọ̀ yí ká. Bí onílù bá fi ọwọ́ fún ọsán náà, awọ á le, ohùn á gòkè. Bó bá tú u, ohùn á wálẹ̀. Kọ̀ǹgọ́ tó tẹ̀ lórí ló fi ń lù ú. Báyìí ló ṣe ń mú ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ jáde, tó sì fi ń sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ìlù kò ní ètè, kò ní ahọ́n. Kò lè pe "b" kó yàtọ̀ sí "k". Ilé, igbá, ilá, ọkọ́: ohùn kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní lórí ìlù. Ìdí nìyẹn tí àyàn, ìyẹn onílù, kì í fi lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láìfi òmíràn kún un. Oríkì ni yóò lù, tàbí òwe, tàbí gbólóhùn gígùn tí ìlú ti mọ̀, kí etí lè fi ìyókù mọ èyí tó ń wí. Onílù àti olùgbọ́ ló jọ ń ṣe ìlù yẹn. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá mọ oríkì, ariwo ló kù.

Nígbà kan, rédíò ìjọba Nàìjíríà máa ń fi dùndún kéde orúkọ ara rẹ̀, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n ní kí ìlù náà sọ. Àwọn ará Ìbàdàn gbọ́ ọ, wọ́n ní rárá o, ìbéèrè ni ìlù ń bi àwọn: bí Olúbàdàn bá kú, ta ni yóò joyè? Ohùn gbólóhùn méjèèjì bá ara wọn mu. Ẹ̀fẹ̀ tó dára gan-an ni, torí pé àwọn tó dá a sílẹ̀ gbọ́ ìlù náà yékéyéké. Kò sí ẹni tó gbọ́ pé àyàn kan bínú sí irú ẹ̀rín yẹn, nítorí ọgbọ́n iṣẹ́ wọn gan-an ló bí i.

Àwa ará Òkè-Ògùn súnmọ́ orísun iṣẹ́ yìí ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ọba Adétóyèṣe Láoyè, Tìmì Ẹdẹ, tí òun fúnra rẹ̀ mọ ìlù í lù, kọ ìwé sílẹ̀ nípa ìlù Yorùbá. Ohun tó kọ ni pé Àyàn, ẹni tí gbogbo ìdílé onílù ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ọmọ Saworo ní ilẹ̀ Ìbàrìbá ni. Ìbàrìbá kò jìnnà sí Ṣakí. A jọ ń ná ọjà, a sì jọ ń fẹ́ ara wa. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń pe ẹnì kan ní Àyànwálé tàbí Àyántúndé ní àdúgbò yín, ìdílé tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí láti kékeré ló ti jáde. Ọmọ á ti mọ gúdúgúdú kí wọ́n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan ìyáàlù.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀, bó bá gbọ́ ìlù nínú orin ẹ̀rín tí ilé-iṣẹ́ ṣe, ohun tí etí rẹ̀ kọ́kọ́ ń wá ni ohun tí ìlù náà wí. Bí ìlù náà kò bá wí nǹkan kan, kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín tàbí bú u. Àwọn tó wà láyìíká rẹ̀ á rò pé inú ń bí i. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ó ṣì ń tẹ́tí ni.

Ó yẹ kí n ṣe ẹ̀tọ́ sí Olatunji náà níbí, torí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò rọrùn tó bí a ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n bí i lọ́dún 1927. Ó gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ẹgbẹ́ Rotary lọ sí Morehouse College ní Atlanta lọ́dún 1950, ó sì lọ kàwé sí i ní New York lẹ́yìn náà. Ìdílé àyàn kọ́ ni wọ́n bí i sí. Àwọn tó bá a lu ìlù nínú Drums of Passion, ọmọ Amẹ́ríkà wà nínú wọn, bíi Chief Bey. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan, Columbia, ló gbé e jáde lọ́dún 1960, orúkọ tí wọ́n sì fún àwo náà, orúkọ ọjà ni. Bí ẹnì kan bá ní òun náà ṣe orin Áfíríkà fún títà, kò purọ́.

Kí ló wá yà á sọ́tọ̀ sí ti Paris? Èrò tèmi ni pé Olatunji fi èdè Yorùbá sílẹ̀ nínú orin, ó sì fi àlàyé kún un kí àjèjì lè mọ ohun tí wọ́n ń kọ. Ó kọ́ àwọn ènìyàn ní Harlem ní ìlù, ó dá ilé àṣà sílẹ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni John Coltrane, afunfèrè jáàsì, ti ṣeré lóṣù Kẹrin ọdún 1967, oṣù mẹ́ta kó tó kú. Bí ẹnì kan ní Amẹ́ríkà bá fẹ́ bi í pé kí ni ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí, ó wà níbẹ̀, yóò dá a lóhùn. Gainsbourg mú ohùn náà, ó yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nù, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Akọrin tó já fáfá ni Gainsbourg, mi ò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó burú.

Ìyẹn gbé wa dé ọ̀rọ̀ owó. Ohun kan wà tí àwọn Òyìnbó ń pè ní copyright. A ó máa pè é ní ẹ̀tọ́ oníṣẹ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó dá orin sílẹ̀ ló ni àṣẹ lórí rẹ̀, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ tà á láìgba ìyọ̀ǹda. Ní Nàìjíríà, àṣẹ náà wà títí ọjọ́ ikú rẹ̀, ó sì tún kù fún àwọn ajogún rẹ̀ fún 70 ọdún sí i. Owó tó ń wọlé láti ibẹ̀, a ó pè é ní owó ẹ̀tọ́. Orúkọ tí wọ́n bá kọ sára àwo ni owó náà ń tẹ̀ lé. Bí orúkọ yín kò bá sí níbẹ̀, orin yín lè dún ní gbogbo ayé, kí kọ́bọ̀ má dé ilé yín.

Ẹ wo Solomon Linda, ará South Africa. Ó gbé orin "Mbube" jáde lọ́dún 1939, ó sì gba ṣílè mẹ́wàá fún un. Àwọn ará Amẹ́ríkà sọ ọ́ di "The Lion Sleeps Tonight" lọ́dún 1961, orin kìnnìún tí àwọn ọmọdé ń kọ káàkiri. Linda kú nínú òṣì lọ́dún 1962. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní láti dé ilé ẹjọ́ lọ́dún 2004, ọ̀rọ̀ náà sì yanjú ní 2006. Kó má ṣe yà yín lẹ́nu, nígbà náà, bí olórin àgbà bá gbọ́ orin tó ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín, tí òun ń béèrè pé orúkọ ta ni wọ́n kọ sí i.

Ìfura yẹn lè ṣi ẹni kan mú o. Nígbà tí Paul McCartney, akọrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá sí Èkó lọ́dún 1973 láti wá gba orin sílẹ̀ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI ní Apapa, Fela ní ó wá jí orin àwọn èèyàn dúdú ni. McCartney pè é wá, ó gbé orin tó ti ṣe sí i létí. Fela gbọ́ pé kò sí ohun tirẹ̀ níbẹ̀, ìjà náà sì parí. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe parí rẹ̀: etí ni wọ́n fi ṣe ẹlẹ́rìí.

Ẹ má rò pé àwa dúdú nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn ará Írẹ́lándì mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Lọ́dún 1912, Jack Judge, tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn òbí òbí rẹ̀ jẹ́ ará Írẹ́lándì, kọ orin kan tó ń jẹ́ "It's a Long Way to Tipperary". Wọ́n ní torí tẹ́tẹ́ ṣílè márùn-ún ló ṣe kọ ọ́. Orin náà fi ọmọ Írẹ́lándì kan ṣe ẹ̀fẹ̀, ẹni tó kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, tó sì ní bí òun bá ṣi ọ̀rọ̀ kọ, kálàmù ni kí wọ́n bá wí. Orin orí ìtàgé ni, tí wọ́n ń tẹ̀ sórí ìwé fún títà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Írẹ́lándì fúnra wọn ń kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń yan wọ ìlú Boulogne, John McCormack, akọrin Írẹ́lándì tí ohùn rẹ̀ lókìkí jùlọ nígbà náà, sì gbà á sílẹ̀ sórí àwo. Orin tí wọ́n fi wọ́n ṣe ẹ̀fẹ̀ di orin ìrántí ilé lẹ́nu wọn.

Èyí tó tún yàtọ̀ ni "The Unicorn". Shel Silverstein, ará Chicago, ló kọ ọ́. Ó dá lórí ọkọ̀ Nóà: ẹranko oníwo kan ṣoṣo kan wà tó ń ṣeré nínú òjò, tí kò wọ ọkọ̀, omi sì gbé e lọ. Kò sí Írẹ́lándì níbẹ̀ rárá. Ẹgbẹ́ olórin tó ń jẹ́ The Irish Rovers, àwọn ọmọ Írẹ́lándì tó kó lọ sí Kánádà, ló fi ahọ́n ilé wọn kọ ọ́, ó sì lókìkí gan-an lọ́dún 1968. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé orin ìbílẹ̀ Írẹ́lándì ni. Wọ́n máa ń fi ọwọ́ ṣe ẹranko náà bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nílé ọtí.

Báwo ló ṣe rí lára àwọn olórin? The Irish Rovers gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, orin náà sì bọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Olórin mìíràn tó ń fi gòjé ṣe orin àwọn baba rẹ̀, tó ti fi ogún ọdún kọ́ ọ, tí ọmùtí kan wá ń ké pè é pé kó kọ orin ẹranko oníwo, tirẹ̀ kò lè rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó jí nǹkan rẹ̀. Àyè rẹ̀ ni orin náà gbà. Alẹ́ kan ló ní, orin mẹ́wàá péré lè wọ inú alẹ́ náà, èyí tí ọjà mọ̀ ni wọ́n sì ń béèrè ṣáá. Lóṣù Kẹta ọdún 2008, ilé ọtí àwọn ará Írẹ́lándì kan ní New York, tó ń jẹ́ Foley's, fòfin de "Danny Boy" fún gbogbo oṣù náà, torí pé ó ti sú wọn. Frederic Weatherly, amòfin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ọ̀rọ̀ orin yẹn. Ohùn rẹ̀ ló jẹ́ ti Írẹ́lándì, ohùn àtijọ́ tí a kò mọ ẹni tó dá a sílẹ̀.

Ẹ ó rí i pé sísú yẹn yàtọ̀ sí ìbínú. Àwọn àyàn wa mọ̀ ọ́n dáadáa. Lóde ìnáwó ní Ṣakí, ẹni tó mọ oríkì ìdílé yín dé ìran kẹfà lè dúró níwájú yín, kí ẹ ní kó lu orin tó ń jà lórí fóònù lọ́sẹ̀ yẹn. Yóò lù ú, ẹ ó sì náwó. Oríkì ìran kẹfà yẹn á padà sílé láìdún. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ọmọ rẹ̀ kò ní rí ìdí tó fi yẹ kó kọ́ ọ. Ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, ó sì dùn mí ju ti Paris lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé àwa kì í fi ẹlòmíràn ṣe ẹ̀fẹ̀. Inú igbó tí Ọ̀yọ́-Ilé wà, tí ó di ọgbà ẹranko ìjọba báyìí, tí a lè gba Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí wọ̀, ni ẹ̀rí rẹ̀ wà. Lọ́dún 1826, Hugh Clapperton, ará Scotland, dé ọ̀dọ̀ Aláàfin níbẹ̀ pẹ̀lú Richard Lander. Àwọn egúngún alárìnjó ṣeré fún wọn. Wọ́n ṣe eré nínú àpò, wọ́n ṣe eré òjòlá. Lẹ́yìn náà ni òyìnbó jáde láti inú àpò: funfun, tín-ín-rín, òtútù ń mú un. Ó ń fa áṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó ń tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò rin láìwọ bàtà rí. Gbogbo èrò ń wo ojú Clapperton. Wọ́n ń pè é pé kó wò ó dáadáa, ṣé kò dára?

Clapperton kọ sínú ìwé rẹ̀ pé òun ṣe bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn bíi tiwọn, ó sì jẹ́wọ́ pé ẹni tó ṣeré náà mọ̀ ọ́n ṣe gidigidi. Mo máa ń ronú sí ìdáhùn yẹn. Alárìnjó ti wo òyìnbó fínnífínní; áṣáà yẹn, ọwọ́ yẹn, ẹsẹ̀ yẹn, kò sí èyí tó dá látọkàn ara rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ wà ní ìjókòó, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ ohun tó máa sọ. Ní Paris lọ́dún 1964, kò sí ẹni tó wo ojú Olatunji.

Ó ku ohun tó kan yín ní tààrà. Ìpolówó oníṣòwò pọ̀ lórí rédíò lápá ibi, àwọn ọmọ wa sì ń ṣe fídíò ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń fi dùndún sí nídìí. Òmíràn, kọ̀ǹpútà ló lù ú. Òmíràn, wọ́n gé ìlù kúrò nínú fídíò òde ìyàwó láìsọ fún onílù. Òfin tuntun wà lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ní Nàìjíríà, Òfin ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù lóṣù Kẹta ọdún 2023. Ó ní apá kan tó dá lórí àṣà àjogúnbá, ìyẹn orin, ijó àti ìtàn tó jẹ́ ti gbogbo ìlú tí kò ní ẹni kan pàtó tó kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pawó kúrò ní ibi tí àṣà ti ń lò ó, ó yẹ kó gba àṣẹ lọ́dọ̀ àjọ ìjọba tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ oníṣẹ́, kó sì dárúkọ ìlú tàbí àwọn ènìyàn tí ó ti mú un.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìpolówó fún ṣọ́ọ̀bù yín, tàbí fídíò ẹ̀fẹ̀, ẹ pe àyàn kan, kí ẹ sì sọ ẹ̀fẹ̀ náà fún un kó tó gbé ìlù kọ́ èjìká. Ẹ jẹ́ kó sọ bóyá ìlù lè wí i, torí ó lè ní gbólóhùn tó dùn ju tiyín lọ. Ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí owó, kí ẹ sì là á mọ́lẹ̀ bóyá ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ ń san án tàbí ìgbàkígbà tí ìpolówó náà bá tún lọ sórí rédíò. Ẹ sọ ibi tí yóò ti dún àti bí yóò ṣe pẹ́ tó. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ti ìlú rẹ̀ sábẹ́ fídíò náà, kí ẹni tó bá gbọ́ ọ ní Cotonou tàbí ní London, tó sì fẹ́ irú ìlù bẹ́ẹ̀, lè mọ ilé ẹni tó máa wá.